Bọ́dìn Kì Í Ṣe Ilé Ìjìyà

Ọ̀rọ̀ kan kì í jìnnà sí ẹnu àwọn òbí ní agbègbè Lẹ́kì àti Ajah nígbà tí ọmọ wọn bá ti ń purọ́, tí ó ń sá kúrò nílé-ìwé, tí ó sì ń kó ẹgbẹ́ búburú: "Ẹ jẹ́ kí a fi í sí bọ́dìn." A kò bá wọn jà. Baba tí ó jáde ní agogo márùn-ún òwúrọ̀ nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, tí kò sì padà wọlé títí di òru, ìgbà wo ni yóò rí ojú ọmọ rẹ̀?

Ní ayé àtijọ́, ilé tíṣà ni àwọn baba wa ń mú ọmọ alágídí lọ. Tíṣà mọ ìyá ọmọ, ó mọ baba rẹ̀, ọmọ díẹ̀ ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń jẹun. Àwọn ọmọ mìíràn ro oko tíṣà ju bí wọ́n ti kàwé lọ, a kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ojú àgbàlagbà kò kúrò lára wọn. Bọ́dìn òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ pọ̀ lábẹ́ olùtọ́jú kan, nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, àwọn sẹ́níọ̀ ni ìjọba. Ọmọ tí ó ti ya ìpáǹle kí ó tó débẹ̀ yóò rí ọmọ kékeré tí yóò máa jẹ gàba lé lórí. Èyí tí ó jẹ́ pé ìbànújẹ́ ni ó sọ ọ́ di aláìgbọràn, bóyá nítorí ikú ìyá tàbí ìjà òbí, yóò gbà pé wọ́n lé òun nílé ni.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ọmọ ọdún méjìlá kan tí ń gbé ní bọ́dìn Dowen College ní Lẹ́kì kú. Àwọn òbí rẹ̀ ní àwọn sẹ́níọ̀ ni ó fìyà jẹ ẹ́. Ilé-ìwé ní bọ́ọ̀lù ni ó fi ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣèṣe. Ìjọba ti ilé-ìwé náà pa ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, agbẹjọ́rò ìjọba sọ pé kò sí ẹ̀rí tí a lè fi pe àwọn tí a fura sí lẹ́jọ́. Àwa kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a ń wí ni pé, nígbà tí ìbéèrè dé, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ohun tí àwọn àgbàlagbà ì bá ti fi ojú ara wọn rí.

Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú tí ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ti ọdún 1955 àti ti Jákàńdè ti ọdún 1979 yangàn, ẹ gbọ́: owó bọ́dìn aládàáni ju agbára kòlàkòṣagbe Lángbàsá lọ. Bí ọmọ tirẹ̀ bá yapa, ṣé títí yóò fi dé iwájú adájọ́, tí wọn yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtúnwàṣe ọmọkùnrin ní Òrégùn, ni ìjọba yóò tó mọ̀ pé ó wà? Olùgbani-nímọ̀ràn tí ó kọ́ṣẹ́ ni ó yẹ kí ó wà ní ilé-ìwé ìjọba tí ọmọ ń lọ láti ilé, níbi tí ìyá rẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe gba ọmọ sí bọ́dìn láìbi òbí léèrè ìdí tí ó fi kúrò níbi tí ó ti ń bọ̀. Òbí náà kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́. Bí sáà tuntun bá sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, kí àwọn olùyẹ̀wò ìjọba má ṣe dé ilé ìsùn ní ọ̀sán nìkan. Kí wọ́n kan ilẹ̀kùn ní agogo mọ́kànlá òru, láìránṣẹ́ ṣáájú.