Kò Sẹ́ni Tó Fún Un Ní Nǹkan Jẹ Lójú Oorun

Ẹ̀yin ará Òkè-Àdó,

Ọkùnrin kan lọ òde ní Sátidé, ó mutí yó. Kílẹ̀ tó mọ́, inú ń run ún lábẹ́ àyà, ó ń gún un dé ẹ̀yìn, ó sì ń bì. Nígbà tó fi máa tó bí oṣù kan, ìrora ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan ti wú lókè ìdodo rẹ̀. Kíá, ẹ ti dájọ́: wọ́n fún un ní nǹkan jẹ. Ẹ tiẹ̀ ti dárúkọ ìyáálé ilé.

Irọ́ ni. Oṣù kan yẹn gan-an ló tú u fó. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas. Ó máa ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ. Bí ọtí àmujù tàbí òkúta inú àpò òróòro bá kó bá a, omi náà á yíjú padà, á máa jẹ ẹni tó ṣe é. Èyí tó bá jò síta á dúró sójú kan, ara á sì mọ ògiri yí i ká. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 kí ògiri náà tó gbó: ohun tó wú lókè ìdodo rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ní agbo lẹ fi wo irú rẹ̀ rí, ó sì lọ. Mo gbà pé ó lọ. Púpọ̀ nínú irú wíwú yìí ń gbẹ fúnra wọn. Bí ẹni tó gbowó láti dá òjò dúró, nígbà tí òjò ti kọjá sí Mọ́níyà, lẹ ṣe ń gba ọpẹ́. Agbo wo tilẹ̀ ni? Ti jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró! Ọtí ló dá egbò náà sílẹ̀, ọtí lẹ tún ń dà lé e.

Èmi ò ní kẹ́ ẹ sáré lọ là á o. Nígbà kan, bí ó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, tó pé ọ̀sẹ̀ 6, abẹ ni. Àwọn dókítà ti fi òfin yẹn sílẹ̀. Bí kò bá dí ọ̀nà oúnjẹ, tí kò kẹ̀, tí kò ṣẹ̀jẹ̀, ṣíṣọ́ ni wọ́n ń ṣọ́ ọ. Bó bá ń yọni lẹ́nu, wọ́n lè ṣí i sínú àpòlúkù kó máa ṣàn lọ.

Ṣùgbọ́n kókó ọlọ́mi kan wà tó lè di jẹjẹrẹ, tó sì jọ ọ́ bí ìbejì. Skáànù àti ìtàn ìrora àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ìtàn yẹn gan-an sì ni ẹjọ́ ìyáálé ń bò mọ́lẹ̀.

Láti 1957 ni ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ti ń gba aláìsàn. Ẹ fi takisí Micra gbé e lọ síbẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ sì sọ iye ìgò tó mu ní Sátidé yẹn fún dókítà.