Ẹ Buwọ́ Lu Fọ́ọ̀mù Ọmọ Yẹn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ìwàásù, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́kàn mi ju ìwàásù mìíràn tí mo ti ṣe lọ. Ẹ bá mi kà á dé òpin kí ẹ tó fèsì. Mo mọ àwọn tó máa bá mi jà lórí ẹ̀, mo sì nífẹ̀ẹ́ yín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí a ṣe ń parí ìsìn, arábìnrin kan fa ọmọkùnrin ẹ̀ lọ́wọ́ wá bá mi. Mo gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ọmọ náà ti pé ọdún mọ́kànlá. Lóṣù kẹjọ, ó máa wọ kíláàsì kẹfà, ìyẹn ọdún àkọ́kọ́ ní middle school níbí ní Texas. Ìwé kan wà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yan iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ ṣe kún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ọmọ ti fi pẹ́ńsù mààkì ọkẹ́sítírà. Ìyá ẹ̀ ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi bá a wí. Bàbá ẹ̀ ní àwọn ò torí gòjé wá sí Amẹ́ríkà."

Ẹ má bínú, ẹ̀rín pa mí. Mo bi ọmọ náà pé kí ló rí lọ́bẹ̀ tó fi warú sọ́wọ́. Ó ní nígbà tí àwọn olùkọ́ orin wá sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn, wọ́n jẹ́ kí àwọn fọwọ́ kan àwọn ohun èlò náà. Wọ́n gbé cello ti òun láyà, òun fa okùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun sì gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú àyà òun kí òun tó gbọ́ ọ létí. Ó ní, "Daddy Pastor, mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i ni."

Ìyá ẹ̀ ń wò mí pé kí n bá a wí. Mi ò lè sọ nǹkan kan.

Ìdí ni pé mo ti rí irú fọ́ọ̀mù yẹn rí. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àkọ́bí mi obìnrin gbé e wá bá mi nídìí oúnjẹ. Fayolíìnì lòun fẹ́. Mi ò tiẹ̀ kà á tán. Mo ní kí ló fẹ́ fi fayolíìnì ṣe láyé yìí? Mo fi ìrésà pa á rẹ́, mo fi kọ̀ǹpútà dípò ẹ̀. Ọmọ ò jà, kò sunkún. Ó ní, "Yes, Daddy." Mo jẹun mi lọ, mo rò pé mo ti ṣe ojúṣe bàbá.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé fọ́ọ̀mù ìkẹyìn tí ọmọ yẹn máa gbé wá bá mi nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ìyá ẹ̀ ló ń gbé gbogbo nǹkan lọ bá. Nígbà tó fẹ́ yan yunifásítì, èmi ni mo gbọ́ kẹ́yìn nínú ilé. Kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi o. Èmi fúnra mi ni mo tì í, lọ́jọ́ tí mo rò pé nítorí fayolíìnì ni mo ń sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: bí ọmọ yín bá fúnra ẹ̀ sọ pé òun fẹ́ wọ ọkẹ́sítírà nílé ẹ̀kọ́, ẹ buwọ́ lù ú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó jẹ́, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ń bá ohun tí a ò mọ̀ jà ni. Ọkẹ́sítírà tí mo ń wí yìí, ohun èlò olókùn nìkan ló wà níbẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n: fayolíìnì, viola tó tóbi jù ú lọ díẹ̀, cello tí wọ́n ń jókòó fi sáàárín orúnkún, àti double bass tó ga ju ọmọ tó ń ta á lọ. Kò dìgbà tí ọmọ bá ti mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ní kíláàsì kẹfà, gbogbo wọn jọ ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo ni. Ìdí nìyẹn tí ọdún yìí fi ṣe pàtàkì. Ọmọ tó bá ní òun ń bọ̀ ní kíláàsì keje, á bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé orin. Ó ṣì lè lé wọn bá, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ á di ìlọ́po.

Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Wọn ò ní kọ́kọ́ fún un ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa okùn. Wọ́n á kọ́ ọ bí a ti í dúró, bí a ti í jókòó, bí a ti í gbé e léjìká. Ìka ni wọ́n máa fi ta okùn ná, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Wọ́n á kọ́ ọ bí a ṣe ń fi rosin, oje igi tó ti gan, pa irun ọ̀pá náà, torí láìsí i, ọ̀pá á kàn máa yọ̀ lórí okùn láìdún. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló tó kan orin. Ọmọ tó lè ní irú sùúrù yẹn fún ohun èlò, ẹ ò rò pé á lè ní i fún ìwé ẹ̀?

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Àkọ́kọ́, "Á dí i lọ́wọ́ ẹ̀kọ́." Rárá o. Ìjọba Texas fúnra ẹ̀ ló ní kí ọmọ middle school ṣe ó kéré tán iṣẹ́ ọnà kan láàárín kíláàsì kẹfà sí ìkẹjọ, yálà orin, àwòrán, ijó tàbí eré orí ìtàgé. Ọ̀kan ló máa ṣe dandan. Láfikún, òfin kan wà níbí láti 1984 tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí no pass, no play. Ọmọ tí máàkì ẹ̀ bá wálẹ̀ ju 70 lọ nínú iṣẹ́ kan, kò ní lè bá wọn lọ síbi ìdíje títí yóò fi gbé e sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń pariwo ìṣirò láti àárọ̀, ẹ ti rí ẹni bá yín pariwo ẹ̀. Nílé mi, viola ló ń mú ọmọkùnrin mi parí iṣẹ́ àṣetiléwá sáyẹ́ǹsì ẹ̀, kì í ṣe ohùn mi.

Ìkejì, "Owó ńkọ́?" Òótọ́ ni, owó wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má lọ ra tuntun. Ọmọ ń dàgbà, ohun èlò náà sì ní ìwọ̀n bíi bàtà: ìdajì wà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wà, odindi náà wà. Ẹ háyà ẹ̀ lóṣooṣù lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù orin, tí ọmọ bá ti ga, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má sì tẹ̀lé àwọn olówó pọ́ọ́kú orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn. Okùn ẹ̀ kì í dúró lójú kan, ọmọ á rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ta. Cello àti double bass, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ní tiwọn tí wọ́n ń yá ọmọ lò. Ẹ béèrè. Ẹ má tijú béèrè bóyá ìrànlọ́wọ́ wà fún ẹni tí apá ẹ̀ ò ká a. Bí kò bá sí, ẹ wá bá mi. Ìjọ tó lè dáwó fún aṣọ ẹbí ò ní ṣàìlè háyà fayolíìnì.

Ìkẹta, "Ariwo." Ẹ̀n-ẹ́n, lórí ìyẹn mi ò ní parọ́ fún yín. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ máa rò pé wọ́n ń tẹ ológbò nírù ni. Ẹ fara dà á. Ẹ̀yin náà ò bá ẹsẹ̀ méjèèjì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rìn.

Ìkẹrin ló dùn mí jù, torí inú ìjọ ló ti ń wá: "Pásítọ̀, ṣé kì í ṣe nǹkan ayé?" Ẹ ṣí Bíbélì yín. Sáàmù 150 ka ohun èlò olókùn mọ́ ìlù àti fèrè nínú ohun tí a fi ń yin Olúwa. Ní 1 Sámúẹ́lì orí 16, nígbà tí ẹ̀mí búburú ń yọ Sọ́ọ̀lù lẹ́nu, ẹni tó mọ dùùrù ta dáadáa ni wọ́n ní kí wọ́n wá. Wọ́n béèrè ìmọ̀. Bí Dáfídì ṣe dé ààfin nìyẹn, kó tó di pé ó pa Gòláyátì. Ẹ tún lọ ka 1 Kíróníkà orí 25. 288 ni àwọn tí wọ́n kọ́ lórin fún iṣẹ́ ilé Ọlọ́run, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì jọ ṣẹ́ kèké bákan náà. Wọ́n kọ́ wọn, ẹ̀yin ará. Òróró ò sọ pé kí a má kọ́ṣẹ́.

Àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ mọ èyí. T. K. Ekundayo Phillips, tó di olórí orin ní Cathedral Church of Christ, Marina, l'Ékòó ní 1914, ó lọ kọ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àti fayolíìnì ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà wá kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kọ́ ni Fẹlá Ṣówándé, ọmọ àlùfáà, tí wọ́n bí ní 1905. Ní 1944, Ṣówándé kọ African Suite fún ọkẹ́sítírà olókùn. Irú ohun èlò tí bàbá yẹn pè ní gòjé gan-an ni ọmọ Yorùbá kọ orin fún, àwọn òyìnbó sì ń ta á títí dòní. Kì í ṣe ilé onílé ni ọmọ yín fẹ́ wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá bá ara wa sọ òótọ́. Nínú ìjọ wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ á gun orí ìlù, kò tíì mọ nǹkan kan, gbogbo wa á ti máa pàtẹ́wọ́, a ó máa náwó. Kó tó pé ọdún mẹ́rìnlá, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ó ń sáré jù. A ti yìn ín kó tó kọ́ṣẹ́. Àbúrò ọmọ mi yẹn, ìyá ẹ̀ ló buwọ́ lu tiẹ̀ láìsọ fún mi. Mo bínú lọ síbi àfihàn wọn lóṣù Kejìlá. Bíi ọgọ́ta ọmọ ló wà níbẹ̀, orin kékeré mẹ́ta ni wọ́n ta, àwọn kan ń ha bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Àmọ́ gbogbo wọn gbé ọ̀pá sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ò fẹ́ tayọ ẹnì kejì. Mo rántí 2 Kíróníkà orí 5: ìgbà tí àwọn olórin àti afọnfèrè di ohùn kan ṣoṣo ni ìkùukùu ògo kún ilé náà. Mo wo ọmọ mi, mo rí i pé ó ń tẹ́tí sí ẹni tó jókòó tì í. Mi ò tíì rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé rí.

Mi ò ṣèlérí sikọ́láṣíìpù fún yín o. Mi ò ní ọmọ yín máa di olókìkí. Àwọn kan á fi í sílẹ̀. Bí tiyín bá fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ jọ ṣàdéhùn pé kó parí ọdún kan ná, kó má sá nítorí ó le. Ọmọ tí kò sì fẹ́ ẹ rárá, ẹ má fi tipá mú un nítorí ohun tí pásítọ̀ kọ. Ẹni tó bá bèèrè ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Mo pe bàbá ọmọ yẹn lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Ó ní, "Pásítọ̀, mo ti gbọ́." Ẹ̀yin náà mọ ohun tí Yorùbá ń fi ìyẹn sọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì buwọ́ lù ú. Ọjọ́ Ẹtì ni ilé ẹ̀kọ́ máa gba fọ́ọ̀mù. Ọ̀gá mi, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ka èyí. Mi ò bá yín jà. Mo kàn ò fẹ́ kí ẹ jẹ irú oúnjẹ tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn ni.

Mo pe àkọ́bí mi náà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ nítorí fọ́ọ̀mù ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "It's okay, Daddy." Mo mọ̀ pé kò tíì okay tán. Àmọ́ lánàá, ó fi àwòrán yàrá tó fẹ́ háyà ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí ni mo rí sí i. Mo jókòó, mo kà á tán pátápátá kí n tó dáhùn.

Kí Olúwa fún wa létí láti gbọ́ àwọn ọmọ tó fi fún wa, kó má jẹ̀ẹ́ pé ìgbà tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ mọ́ la máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí. Lórúkọ Jésù. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn yín, ẹ kọ Àmín sísàlẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí òbí kan tí fọ́ọ̀mù ọmọ ẹ̀ ṣì wà lórí fìríìjì.