Ìjọ̀n àti Àwọn Tí A Kò Kọ Orúkọ Wọn

Abúlé kékeré ni Ìjọ̀n, ní agbègbè Agége, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde tóbi jù ú lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni Ọ̀gbẹ́ni James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò àti ọ̀gá ọkọ̀ òkun ní Èkó, gbin kòkó síbẹ̀. Gbèsè ti wó òwò rẹ̀ lulẹ̀ ní ọdún 1876, ó sì yí ojú sí ilẹ̀. Ní ọdún 1880 bákan náà ni aya rẹ̀, Sarah Forbes Bonetta, ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ti tọ́jú, kú ní erékùṣù Madeira. Ọkọ rẹ̀ sì gbé òkúta ìrántí dìde fún un ní Ìjọ̀n.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Jacob Kehinde Coker dìde ní Ìfàkò, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Ìjọ African Church sílẹ̀ ní ọdún 1901. Ní ọdún 1907 òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Kòkó àti obì gbànja sọ orúkọ Agége di mímọ̀ títí dé ilẹ̀ Haúsá.

Gbogbo èyí dára ní kíkà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ro oko wọ̀nyí? Àwọn Àwórì ni ó ni ilẹ̀, àwọn alágbàṣe tí ó ti òkè wá ni ó sì ṣán igbó. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n ru irúgbìn kòkó lọ́wọ́ kan, wọ́n sì mú Ìhìnrere lọ́wọ́ kejì. Báyìí ni kòkó ṣe tàn ká ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá. Owó kòkó wà lára ohun tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1955. Orúkọ ọlọ́lá wà lára òkúta. Orúkọ alágbàṣe kò sí níbì kankan.

Àwọn kan yóò wí pé ìtàn kì í kún ikùn. Kí wọ́n wo Ìkẹjà. Láti ẹ̀wádún 1950 ni a ti ń ya oko ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńlá; ní ọdún 1976 ó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó. Níbi tí igi obì ti jẹ́ ààlà ilẹ̀ baba ẹni, ògiri bíríkì ni ó dúró. Nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé, adájọ́ a bèèrè ẹni tí ó mọ ààlà, ẹni náà a sì ti wà ní itẹ́ òkú. Àwọn àgbà a máa wí pé bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà ni àrọ́bá ń gbé, ẹnu náà kì í sì í ṣí títí láé.

Nítorí náà, ó yẹ kí ìjọ abúlé kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan kí ìdúpẹ́ ìkórè tó ń bọ̀ tó dé. Kí akọ̀wé ìjọ tọ àgbà mẹ́ta lọ, ọkùnrin àti obìnrin, kí ó sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ta ni ó fún ni ní ilẹ̀, igi wo ni ààlà, ibo ni a ti mú irúgbìn wá, ta ni ó kọ́kọ́ pe àdúrà jọ, ta ni ó sì ṣe alágbàṣe. Níbi tí ẹ̀rí wọn kò bá bára mu, kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀. Kí ẹ̀dà kan wà ní ìjọ, kí èkejì wà lọ́wọ́ baálẹ̀.

Àgbẹ̀ tí ó jẹ irúgbìn rẹ̀ tán kò ní ohun tí yóò gbìn ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó bá kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni abúlé tí ó jẹ́ kí àgbà rẹ̀ kú láìbèèrè.