Ọdún Wo Ni Wọ́n Bí Ìyá Àgbà?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká yé fi ojú díwọ̀n ọjọ́ orí àwọn àgbà wa sórí pósítà òkú. Bí ìyá àgbà kò bá mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, ẹ bi wọ́n ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Bí wọ́n bá ń rákòrò nígbà tí Ọba Aládésanmí Kejì jẹ Èwí Adó-Èkìtì ní 1937, ẹ ti sún mọ́ ọn. Bí ọwọ́ wọn bá gba orí kan etí nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, kò jọ pé wọ́n bí wọn lẹ́yìn 1949.

Ẹbí lè ní bàbá àwọn ja ogun Kírìjì, kí wọ́n tún ní bàbá pé ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Ọdún 1896 ni wọ́n bí wọn nìyẹn. Àwọn ọmọ ogun Kírìjì sì ti tú àgọ́ ká ní 1893. A ti pa ìtàn ẹni méjì pọ̀ mọ́ ẹnì kan, ẹnì kan sì ti sọnù nínú ẹbí.

Ohun tí àwa ń sọ ni pé, “láàárín 1936 sí 1937” sàn ju déètì tí a hùmọ̀ lọ. Ẹ lọ bi wọ́n nísinsìnyí. Ẹni tó bá ti di pósítà kì í dáhùn ìbéèrè.