Pílọ́ọ̀gì Mẹ́rin Tàbí V6: Ẹrù Ni Kó Dáhùn

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù ní Ọ̀fà lónìí, kó tó sọ iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọn yóò ti bi í pé: "Pílọ́ọ̀gì mẹ́rin lẹ fẹ́ ni, àbí V6?" Mẹkáníìkì yóò bèèrè, ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ yóò bèèrè, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston tó fẹ́ bá a wá Toyota Tacoma yóò bèèrè lórí fóònù. Ìbéèrè náà tọ́. Bí a ṣe ń dáhùn rẹ̀ ló ń bà mí nínú jẹ́. Ẹni tó fẹ́ kí ará àdúgbò mọ̀ pé òun náà ti dé a mú V6, ẹ́ńjìnnì oní-pílọ́ọ̀gì mẹ́fà. Ẹni tí owó epo ń dẹ́rù bà a sá lọ síbi ẹ́ńjìnnì kékeré. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń jókòó ti bírò àti ìwé. Owó tí a sì ń ná sórí ọkọ̀ lásìkò yìí, ó lè tún ayé ìdílé ṣe, ó sì lè bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń rà. Toyota Hilux tí àwọn iléeṣẹ́ àti ìjọba ń lò káàkiri Nàìjíríà, 2.7 oní-bẹntiróòlù ló pọ̀ jù nínú wọn, pílọ́ọ̀gì mẹ́rin. Tacoma tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ti ọdún 2005 sí 2015, ẹ́ńjìnnì méjì ló wà fún un: 2.7, tàbí V6 oní-lítà 4.0. Ní 2016, Toyota fi V6 oní-lítà 3.5 rọ́pò 4.0. Nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ bí àyè tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó. 2.7 ní nǹkan bíi horsepower 160; V6 4.0 ní ohun tó lé ní 230. Lórí títì tó dán, ẹ óò rí ìyàtọ̀ náà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀.

Ní ti epo, EPA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó àyíká, ti wọn àwọn ọkọ̀ yìí. Tacoma 2.7 ti nǹkan bí ọdún 2010, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, ń rin nǹkan bíi kìlómítà 9 lórí lítà kan. V6 4.0 tó ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń rin kìlómítà 7 àti díẹ̀. Nínú 100 kìlómítà, èkínní yóò mu nǹkan bíi lítà 11, èkejì yóò mu 13 sí 14. Lítà méjì àti díẹ̀ ni gbogbo ìjà yìí dá lé lórí. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, torí ohun tí a ń gbọ́ ní gáréèjì ni pé ìlọ́po méjì ni V6 ń mu.

Àlọ àti àbọ̀ Ọ̀fà sí Ìlọrin, tí a bá gba Àjàṣẹ́-Ìpo, lé ní 100 kìlómítà. Ẹ jẹ́ ká fi 100 ṣe é kó lè rọrùn. Ẹni tó ń kó ànàmọ́ tàbí àgbàdo láti Ọjà Owódé lọ sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yóò rin ìrìn náà nígbà 156 lọ́dún. Lítà 2 lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan, lítà 312 nìyẹn. Nígbà tí lítà kan kò tíì pé ₦200 níye tí ìjọba fọwọ́ sí, ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bíi ₦62,000 lọ lọ́dún. Ẹni tó fẹ́ràn V6 lè fara mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Nígbà tó fi di oṣù Keje ọdún yẹn, lítà ti di ₦617. Nínú oṣù Kẹwàá 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ẹ fi ₦1,000 ṣírò lítà 312 yẹn: ₦312,000. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ní oṣù Keje 2024 jẹ́ ₦70,000. Ìyàtọ̀ láàárín ẹ́ńjìnnì méjì ti wá ju owó oṣù mẹ́rin òṣìṣẹ́ kan lọ. Bí ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Àbújá ṣe wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ní Ọ̀fà nìyẹn.

Síbẹ̀, mi ò ní torí ìṣirò yìí sọ pé kí gbogbo ènìyàn sáré ra 2.7. Ọkọ̀ tí kò gbẹ́rù ni wọ́n fi wọn epo ní Amẹ́ríkà. Bí ẹrù bá ti gorí ọkọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ru ju agbára rẹ̀ lọ, awakọ̀ á máa tẹná láìsinmi, jíà kejì àti ìkẹta ni yóò máa gbé e rìn, epo tí ẹ rò pé ẹ ń ṣọ́ yóò gba ibẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì náà yóò sì tètè gbó. Ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń rìn náà ní tirẹ̀ láti sọ. Láti Ọ̀fà sí Ìlọrin, ilẹ̀ tẹ́jú díẹ̀. Kò sí òkè ńlá kan tó ń dúró de ẹlẹ́rù. Ẹni tó ń kó ìrè oko gba apá Èkìtì, tó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè pẹ̀lú ẹrù ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ìdáhùn tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti aládùúgbò rẹ̀ tí kì í kọjá Ìlọrin.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo olùrà mọ̀, tí àwọn tó ń tajà kì í sì í sábà sọ: títóbi ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń sọ iye ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé. Sípíríǹgì, táyà, bíréèkì àti irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń sọ ọ́. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. 20 rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ Hilux ni wọ́n ṣe láti gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, pàápàá àwọn tó ní ilẹ̀kùn méjì. Tacoma V6 onílẹ̀kùn mẹ́rin, pẹ̀lú gbogbo horsepower rẹ̀, nǹkan bíi kìlógíráàmù 500 sí 600 ni wọ́n ní kó máa gbé, awakọ̀ àti èrò inú rẹ̀ sì wà nínú ìwọ̀n yẹn. Bí ènìyàn mẹ́rin bá ti jókòó, ìba àpò sìmẹ́ńtì tó kù kò ju mẹ́fà lọ. Amẹ́ríkà ṣe é fún ẹni tó fẹ́ gbé igi àti kẹ̀kẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá kó 20 àpò lé e ní Ọ̀fà, tó ní V6 ni òun ń wà, kò tíì mọ ohun tó rà.

Àwọn àgbà tó rántí Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù yóò jẹ́rìí sí mi. Ìgbà tí iléeṣẹ́ PAN ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná ní 1975 ni ọkọ̀ 504 gba títì wa kan. Ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kò tó lítà méjì, bẹ́ẹ̀ ó ń gbé ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Kò yára, ṣùgbọ́n jíà rẹ̀ àti sípíríǹgì rẹ̀ mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́.

Dísẹ́ẹ̀lì tún mú ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ sí i. Hilux dísẹ́ẹ̀lì oní-lítà 2.4 tó jáde ní 2015 kéré sí 2.7 bẹntiróòlù ní nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n agbára ìfà rẹ̀ tó Nm 400, ti 2.7 kò ju 245 lọ, dísẹ́ẹ̀lì sì ń mú tirẹ̀ jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí jẹ́jẹ́. Ìlú ìjàkadì ni Ọ̀fà; a mọ̀ níbẹ̀ pé ẹni tó sanra kọ́ ló máa ń dá ẹnìkejì rẹ̀, ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sáré lọ ra dísẹ́ẹ̀lì, ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì òde òní kò fẹ́ omi tàbí ìdọ̀tí kankan nínú epo, injector rẹ̀ sì wọ́n. Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń rọ nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà lè pa á. Ọjà àgbáyé náà ló ń darí owó rẹ̀: nígbà ogun Russia àti Ukraine ní 2022, lítà rẹ̀ ti kọjá ₦700 nígbà tí bẹntiróòlù ṣì wà nísàlẹ̀ ₦200. Ẹni tí kò bá ní ilé epo tó fọkàn tán àti mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ tó fi ń yẹ ọkọ̀ wò, kó jìnnà sí i. Bákan náà ni mo sọ nípa Tacoma tuntun ti 2024, oní-lítà 2.4 tó ní turbo. Ọkọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n kò tíì yẹ fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ ọmọ ní Ọ̀fà.

Owó tí a fi ń ra ọkọ̀ gan-an ńkọ́? Láti oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà ọ̀nà Kùtọ̀nù tí àwọn bàbá wa mọ̀ ti dí lábẹ́ òfin. Ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦460 níye ìjọba kọjá ₦1,500 ní 2024. Ọkọ̀ tí àwọn aṣọ́bodè bá kà sí $10,000, láti orí ₦4.6 mílíọ̀nù ni wọ́n ti ń ṣírò owó ibodè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó di orí ₦15 mílíọ̀nù. Ọkọ̀ kò pààrọ̀, ẹ́ńjìnnì kò pààrọ̀, náírà ló dojú bolẹ̀.

Ẹni tí kò bá ní gbogbo owó yìí lọ́wọ́ yóò yá a; ibi tí èlé owó ti wọlé nìyí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé V6 fi mílíọ̀nù kan péré wọ́n ju ti pílọ́ọ̀gì mẹ́rin lọ. Báńkì Àpapọ̀ gbé iye èlé tó fi ń darí ọjà dé 27.5% ní oṣù Kọkànlá 2024, báńkì tí a ń lọ bá yá owó sì ń bù tirẹ̀ lé e. Ní 30%, mílíọ̀nù kan yẹn yóò máa jẹ ₦300,000 lọ́dún. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ owó epo: ₦612,000 lọ́dún fún agbára tí ẹrù yín lè má béèrè. Ẹni tó bá lè yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ìlú rẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ ẹrù ní Ọ̀fà kí n má dárúkọ rélùwéè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ojú irin tó ti Èkó lọ sí òkè Ọya ti gba ìlú yìí kọjá. Ọkọ̀ ojú irin kan ń gbé ẹrù ọgọ́rọ̀ọ̀rún píkọ́ọ̀pù pẹ̀lú epo tó kéré sí tiwọn gidigidi. Mo bẹ ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ ẹrù máa dúró ní Ọ̀fà déédéé fún àwọn àgbẹ̀. Iye píkọ́ọ̀pù tí a ó máa jà lé lórí yóò dínkù.

Ní tèmi, ẹni tó ń gbé ẹrù tí kò ju tọ́ọ̀nù kan lọ láàárín Ọ̀fà, Ẹ̀rìn-Ilé, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ìlọrin, Hilux 2.7 pílọ́ọ̀gì mẹ́rin ni kó rà. Ẹni tí òkè Èkìtì ń dúró dè ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, kó wo V6 tàbí dísẹ́ẹ̀lì, kó sì wá mẹkáníìkì rẹ̀ kó tó wá ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ní owó lọ́wọ́, ẹ má tíì san án. Ẹ kọ gbogbo ẹrù tí ẹ gbé láàárín oṣù kan sílẹ̀, iye kìlógíráàmù àti ibi tí ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì mú ìwé yẹn dání nígbà tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀.