Ìrókò inú ìgò



Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni Ọjọ́ Igi ní Tógò. Láti ọdún 1977 ni a ti ń ṣe é. Kí ni a máa ń gbìn jù? Tíìkì ni. Àwọn Jámánì ni ó mú un wá sí ilẹ̀ yìí kí ọdún 1914 tó dé. N kò bá tíìkì jà. Ó dára fún òpó, ó sì dára fún òrùlé. Ṣùgbọ́n mo ń béèrè pé: ta ni ó ń gbin ìrókò?

Àwọn kan ń bẹ̀rù ìrókò nítorí Olúwéré. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ jù ni kòkòrò kékeré kan. Kòkòrò yìí a máa yé ẹyin sí ọ̀mùnú ọmọ ìrókò. Kókó yóò wú níbẹ̀. Kókó náà yóò bẹ́, yóò jẹrà, ọ̀mùnú náà yóò sì kú. Bí a bá gbin ọmọ ìrókò púpọ̀ sí ojú kan, kòkòrò náà lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Àmọ́ ìrókò kò rí bákan náà. Ní Kumasi, ní ilẹ̀ Ghana, àwọn olùwádìí rí àwọn kan ní àwọn ọdún 1990 tí kòkòrò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ lè pa lára. Báwo ni a ó ṣe sọ irú igi bẹ́ẹ̀ di púpọ̀? Ẹ wo pákí. Bí ẹ bá gé igi pákí kan, tí ẹ gbìn ín, irú pákí yẹn gan-an ni yóò hù. Ẹ̀ka ìrókò àgbà kì í ta gbòǹgbò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgò ti wúlò.

Wọn yóò gé èhù kékeré lára igi. Wọn yóò fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Wọn yóò fi í sínú ìgò tí oúnjẹ igi wà. Oúnjẹ yìí dì bí ẹ̀kọ, ṣúgà sì wà nínú rẹ̀. Èhù yóò yọ púpọ̀. Wọn yóò pín in sí ìgò mìíràn, yóò tún pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni yóò ta gbòǹgbò, tí wọn yóò sì fi afẹ́fẹ́ ìta mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1980, ní Pune ní ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n ròyìn pé àwọn ṣe é pẹ̀lú tíìkì tí ó ti tó 100 ọdún. Wọ́n ti ṣe é pẹ̀lú ìrókò náà ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Mo fẹ́ kí a ṣe é ní Lomé. Yunifásítì wà ní ìlú wa, wọ́n sì mọ iṣẹ́ ìgò yìí níbẹ̀. Owó ni yóò gbà: iná mànàmáná, oúnjẹ igi, àti ọwọ́ tí ó mọ́. Lójú tèmi, ìjọba ni ó yẹ kí ó san án. Ìrókò kì í tètè dàgbà, oníṣòwò kò sì ní dúró dè é.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe mú èhù lára igi kan ṣoṣo. Ìrókò ní akọ, ó ní abo, bí ìbẹ́pẹ. Bí gbogbo ọmọ bá ti ara akọ kan wá, akọ ni gbogbo wọn. Wọn kò ní so èso láéláé. Àìsàn kan ṣoṣo sì lè pa gbogbo wọn. Lára igi púpọ̀, láti ilẹ̀ púpọ̀, ni kí wọ́n ti mú un.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bá ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ ní Atakpamé, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ sọ̀rọ̀. Onígẹdú yóò wá, yóò ka owó fún yín nítorí ìrókò àgbà tí ó wà lẹ́yìn ilé. Ẹ má tíì gbà á. Bí ẹ bá gé e tán, ìgò kò rí ohun tí yóò tọ́.