Èlé Tí Ń Bí Èlé



Ẹni tó yá ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà lọ́wọ́ sogúndogójì, tí èlé rẹ̀ jẹ́ náírà 10 lórí 100 lóṣù, tí kò san kọ́bọ̀ fún oṣù 12, a máa rò pé N220,000 ni òun jẹ. Rárá o! Bí èlé bá ń bí èlé, N313,843 ni. 1.1 ni a fi ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ títí yóò fi pé 12, tí ẹ̀yin olùkọ́ ń pè ní agbára. Àwọn babaláwo kò ṣàì mọ̀ ọ́n: ojú àmì mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, ló bí odù 256.

Nínú Python, èdè kọ̀ǹpútà, ìràwọ̀ méjì ni ẹ óò kọ: 2**8 yóò fún yín ní 256. Ẹni tó bá kọ 2^8, bí a ti ń ṣe nínú Excel, 10 ni yóò rí, nítorí iṣẹ́ mìíràn ni àmì yẹn ń ṣe níbẹ̀. Ohun tí mo kórìíra nìyẹn: kò kìlọ̀ fúnni rárá! Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tẹ 100000*1.1**12 kí ẹ tó tẹ̀ka sí ìwé ẹnikẹ́ni.